Àpá Iná Lórí Ìjókòó Òsì

Àpá iná náà kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Orí ìjókòó òsì ló wà, nítòsí etí, ó dúdú láàárín, awọ tó yí i ká sì ti ká kò díẹ̀. Clifford Yelland kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì nínú àká Rupert Lyle, ó ki orí bọ inú mọ́tò náà, ó ń fi ìka kan pa àpá yẹn lára bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni Clifford. Ó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì ní Shrewsbury. Láti ogójì ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí omi lójú rẹ̀ rí àfi lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa já sí ìpele ìsàlẹ̀.

"Gux ni," ó ní. "Wilf, wá wò ó! Gux fúnra ẹ̀ ni!"

Èmi ni Wilf. Lẹ́tà ni mo pín káàkiri títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì mọ̀ nípa mọ́tò kò ju ibi tí wọ́n ti ń da epo sí i lọ. Ìyàwó mi, Edwina, ni Clifford bẹ̀ pé kó bá òun wá. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Edwina fi ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kò sì sí irú irọ́ tí wọn kò tíì pa fún un rí ní gbogbo Shropshire. Ó dúró sẹ́yìn wa, ó fi báàgì kọ́ apá, ó ń lá súìtì míńtì.

"Ṣé mo parọ́?" Rupert Lyle pàtẹ́wọ́. Òun ló ni àká náà àti àwọn mọ́tò àtijọ́ tó ń tà níbẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò kọ́dúrọ́ì pupa kan tó lè dá màlúù dúró lójú ọ̀nà. "Àgbàyanu ni mọ́tò yìí! Àrà mérìíyìírí! Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ sọ pé ìyàwó tuntun kan ló jó ibẹ̀ yẹn nígbà tí ọkọ ẹ̀ ń gbé e lọ jayé ìgbéyàwó wọn. Ó ní sìgá yẹn ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tó dojú kọ àwọn méjèèjì. Àgbàyanu ìtàn!"

"Maureen mi nìyẹn!" Clifford tún bú sẹ́kún.

"Ìwé mọ́tò ńkọ́?" Edwina bi í.

"Ó wà lọ́dọ̀ lọ́yà mi, mà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sanwó ló máa tẹ̀ yín lọ́wọ́. Àmọ́ ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Solihull lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ o. N ò fẹ́ kó dùn yín lẹ́yìn ọ̀la ni mo ṣe ń sọ ọ́."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti sọ 'àgbàyanu' láàárọ̀ yìí?"

"Mà?"

"Ẹ má dá mi lóhùn, ọ̀gbẹ́ni. Ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú."

Kò sí ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe ìyàwó mi. Nígbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló yẹ kó máa wá ọ̀nà àbáyọ.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa dé àká yẹn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ìgbéyàwó Clifford àti Maureen yóò pé àádọ́ta ọdún. Nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó, MG aláwọ̀ ewé kan tí kò lórùlé ju ti aṣọ lọ ni wọ́n gbé lọ sí Barmouth létí òkun. GUX ni lẹ́tà mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Gux bí ẹni sọ ajá lórúkọ. Ìjókòó méjì péré ló ní. Ìgbà tí àkọ́bí wọn dé, wọ́n rí i pé a kì í gbé ọmọ jókòó sórí jíà, wọ́n tà á. Clifford ti ń wá irú rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ní báyìí, ó ní owó tó lè ra mọ́tò kan, ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì fẹ́ fi gbé Maureen lọ sí Barmouth lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà. Méjì ló rí. Èkíní ni MG tó wà lọ́dọ̀ Rupert yìí. Èkejì ni Triumph Spitfire aláwọ̀ yẹ́lò kan tó wà lọ́dọ̀ obìnrin àgbà kan ní Clun. Bó bá ra èyí tí kò yẹ, kò tún sí òmíràn mọ́, ọjọ́ ayọ̀ ọ̀hún a sì di ọjọ́ ẹ̀dùn ọkàn.

"Mo ti pinnu," ni Clifford wí nígbà tá a padà sínú mọ́tò wa. "Nọ́ńbà ẹ̀ ló wà lára ẹ̀."

"Nọ́ńbà yẹn wà nínú àwòrán tí ìwọ fúnra ẹ gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tó bá rí Gux pè ẹ́," ni Edwina dá a lóhùn. "Ẹnikẹ́ni tó bá ní ogún pọ́n-ùn lè lọ tẹ irú ẹ̀."

"Àpá iná yẹn ńkọ́? Iwájú mọ́tò nìkan ló hàn nínú àwòrán. N ò kọ ọ̀rọ̀ sìgá síbì kankan."

"Ìyẹn lohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ta ló mọ̀ nípa àpá yẹn?"

"Yàtọ̀ sí ẹ̀yin méjèèjì? Èmi, Maureen, àti Trevor àbúrò ẹ̀." Ló bá dìde lójijì, orí rẹ̀ gbá òrùlé mọ́tò wa. "Trevor! Trevor ló tà mí!"

"Jókòó, má fọ́ orí ẹ. Wilf, lọ́jọ́ Àjíǹde tí mo se ẹran àgùntàn, tó o jẹ àwo mẹ́ta, kí lo sọ?"

"Mo ní kò burú," ni mo wí.

"Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé àkọ́bí wa lé ẹ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Mo ní kò burú."

"Ṣé o gbọ́, Clifford? Ọmọ Shropshire tòótọ́ tí nǹkan bá wù ú dé egungun, 'kò burú' ló máa sọ. Ọkùnrin yẹn sọ 'àgbàyanu' lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Mo kà á."

*

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, a lọ sí Clun. Nesta Gwilliam ni obìnrin tó ni Triumph náà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tó kúrú, tó sì le bí èkùrọ́. Mọ́tò àbúrò rẹ̀ tó ti kú ni. Ó fún wa ní tíì àti kéèkì eléso gbígbẹ kó tó jẹ́ ká dé ibi tí mọ́tò wà.

"Ẹni méjì ti wá," ó ní. "Èkíní ò kí mi. Èkejì kí mi, àmọ́ kò kí mọ́tò. Mo lé àwọn méjèèjì lọ."

Clifford yára kí mọ́tò. "Ẹ káàárọ̀ o," ló sọ fún bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Inú ìyá yẹn dùn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí ka àléébù ọjà tirẹ̀ fún wa: "Òjò máa ń kán sí ẹsẹ̀ òsì. Ẹ̀rọ tó ń mú inú mọ́tò gbóná yẹn, bí kò bá sun ẹ́ jẹ, á jẹ́ kí òtútù pa ẹ́ ni, kò mọ àárín. Abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún ti dógùn-ún tẹ́lẹ̀, mo ti tún un ṣe, ìwé ẹni tó ṣe é rèé. Jíà kejì, o ní láti bẹ̀ ẹ́. Mo máa ń sọ pé 'jọ̀ọ́' fún un."

"Lápapọ̀ ńkọ́, ìyá?" Edwina bi í. "Báwo ni mọ́tò náà ṣe rí?"

Nesta wò ó títí, ó fi etí aṣọ ìdáná rẹ̀ nu ìdọ̀tí tí kò sí níbẹ̀ kúrò lára iná iwájú rẹ̀. "Kò burú," ó ní.

Edwina wò mí, mo wo Edwina.

Nígbà náà ni Clifford gbìyànjú láti wọ ìjókòó ọ̀tún, tó jẹ́ ìjókòó awakọ̀ nílẹ̀ wa. Ká má parọ́, ẹ̀rín pa mí. Ó ti ìjókòó náà sẹ́yìn títí kò fi tún ṣeé tì mọ́, síbẹ̀ orúnkún rẹ̀ kan sítíárìn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, aṣọ òrùlé sì tẹ̀ ẹ́ lórí mọ́lẹ̀. Bó bá fẹ́ tẹ bíréèkì, orúnkún rẹ̀ á fun fèrè mọ́tò. Fèrè náà dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ajá Nesta sì ń dá a lóhùn.

"O jọ ẹṣin tí wọ́n kó sínú àpótí," ni Nesta wí. "Àbúrò mi kúrú bíi tèmi ni. Awakọ̀ kúkúrú ni mọ́tò yìí fẹ́."

Clifford fa ara rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀. Ó tún fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni ń dágbére. "Mọ́tò rere ni, ìyá. Àmọ́ n ò lè wà á." Nígbà tá a jìnnà díẹ̀, ó sọ fún wa pé, "Ọ̀rọ̀ ti parí. Gux ni mo máa rà, mo sì máa sanwó lọ́la."

*

Lẹ́yìn tá a gbé Clifford padà sílé, a lọ bá Trevor lórí pápá koríko tí àwọn arúgbó wa ti ń yí bọ́ọ̀lù onígi. Alápàárá ni, kò sì sí Kérésìmesì kan tí kò fi Clifford ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi gan-an ti dá a lẹ́bi nínú ọkàn mi kí Edwina tó la ẹnu.

"Ta lo sọ ọ̀rọ̀ sìgá Maureen fún, Trevor?"

"Sìgá wo? Ó ti lé lógójì ọdún tí Maureen ti jáwọ́ nínú sìgá."

"Ó jó ìjókòó Gux."

"Ẹ̀n, mo mọ̀yẹn. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ta lọ́rọ̀ sìgá àtijọ́ ń kàn?"

"Ẹnì kan ń ta mọ́tò kan fún Clifford pé Gux ni. Àpá iná wà lórí ìjókòó òsì."

"Ìjókòó òsì?" Trevor fọ́n ẹ̀rín jáde nímú, bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sórí bàtà mi. Bó ti rí i pé Edwina ń wo òun, ó wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù rẹ̀.

"Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí."

"Trevor."

"Edwina, mo ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n mi láti àádọ́ta ọdún. Ohun kan tí mo lè sọ ni pé mi ò rí ọkùnrin tó ń ta mọ́tò yẹn rí. Ẹ jẹ́ kí n yí bọ́ọ̀lù mi."

Nígbà tá a padà dé inú mọ́tò, mo ní, "Ó jẹ̀bi. Wo bí ó ṣe ń wúkọ́."

"Ẹni tó jẹ̀bi kì í rẹ́rìn-ín kó tó wúkọ́, Wilf mi," ni Edwina wí. "Ọ̀rọ̀ 'òsì' ló pa á lẹ́rìn-ín. Nǹkan kan wà lára òsì yẹn."

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, a yà sílé Clifford. Maureen wà ní kíṣìnnì, ó ń kọrin, ó ń yan àkàrà òyìnbó, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọkọ òun ń ra nǹkan ní ìkọ̀kọ̀. Obìnrin kúkúrú, olójú ayọ̀ ni. Edwina bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun wo àwòrán ìgbéyàwó wọn, níwọ̀n ìgbà tí ọdún ń bọ̀. Ó kó ìwé àwòrán náà fún wa, ó sì padà sídìí ààrò.

Ojú ewé kẹta ni Barmouth wà. Òkun wà lẹ́yìn, Maureen wọ gáun kúkúrú, ó fara ti ilẹ̀kùn Gux, ẹ̀rín rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Wọ́n ti ká aṣọ òrùlé kúrò, gbogbo inú mọ́tò sì hàn kedere.

"Wò ó dáadáa," ni Edwina wí. "Kí lo rí?"

"Mọ́tò. Òkun. Ẹyẹ kan."

"Kí ló wà lórí ìjókòó ọ̀tún?"

Tìmùtìmù ni, aláwọ̀ pupa àti ewé, tó nípọn. "Ẹ̀n," mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, "jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ Clifford lẹ́nu nígbà náà nìyẹn. Ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! Ó ṣe mí láàánú."

"Ìjókòó yẹn ńkọ́? Wo bó ṣe sún mọ́ sítíárìn."

Mo wò ó. Ìjókòó awakọ̀ ti wá síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí agbára káká ni ọmọdé pàápàá fi máa ráyè jókòó. Mo rántí orúnkún Clifford ní Clun. Kàù! Edwina fi eyín fọ́ súìtì míńtì ẹnu rẹ̀. Mo ti ń bá a gbé fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, mo sì mọ ohun tí ìró yẹn túmọ̀ sí. Nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọlọ́pàá kéékèèké a máa yára wọ jákẹ́ẹ̀tì wọn bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ.

Clifford wà nínú ilé onígíláàsì ẹ̀yìnkùlé, ó ń bomi rin tòmátò. Edwina ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa.

"Ta ló wa mọ́tò lọ sí Barmouth?"

"Èmi ni."

"Clifford."

"Èmi ni mo jókòó níwájú."

"Ìjókòó méjì péré ló wà nínú mọ́tò yẹn, iwájú ni méjèèjì. Ta ló di sítíárìn mú?"

Ó bomi rin ìkòkò kan náà títí omi fi ṣàn sórí bàtà rẹ̀. "Maureen ni," ó ní nígbẹ̀yìn. "Òun ló tiẹ̀ ni mọ́tò. Owó iṣẹ́ ẹ̀ ló fi rà á. Mi ò ní láísẹ́ǹsì nígbà yẹn. Mo ti ṣe ìdánwò ìwakọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, mo gun etí títì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gun ibì kan náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó ń dán mi wò sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní òun máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé."

Mo kọjú sí tòmátò kí ó má rí ojú mi.

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo yege, ọdún kan lẹ́yìn ìgbéyàwó, ni mo bá wọ iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi pé ìyàwó mi ló wà mí lọ sí Barmouth? Mo yí i padà díẹ̀. Mo ní èmi ni mo wà á. Maureen gbọ́, kò tú àṣírí mi. Àádọ́ta ọdún, kò tú u rí."

"Torí náà, nígbà tó ń mu sìgá, orí ìjókòó wo ló wà?"

"Ọ̀t..." Garawa ìbomirin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀tún! Ìjókòó awakọ̀! Ibẹ̀ ló jó! Edwina, mo kúnlẹ̀ níwájú òsì, mo sì sunkún. Mo rántí i pé mo rí i níbẹ̀!"

"O ti sọ ọ́ títí o fi gbà á gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tìẹ ti lọ tó àádọ́ta. Ní báyìí, 'ọ̀tá àkọ́kọ́ tó dojú kọ àwọn méjèèjì.' Kérésìmesì mọ́kànlá ni mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ẹ. Lẹ́nu Rupert Lyle ni mo gbọ́ ọ lánàá. Níbo lo tún ti sọ ọ́?"

"Mi ò kọ ọ́ síbì kankan."

"Mi ò ní kíkọ. Sísọ ni mo wí."

Clifford ronú. "Lóṣù Ògọ́ọ̀sì, níbi ìpàtẹ mọ́tò àtijọ́. Mo wà nínú àgọ́ ọtí, ọtí ti pa mí débi pé mi ò rántí ojú ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ra ife bíà méjì fún mi, inú ẹ̀ dùn sí ìtàn mi gan-an. Ó ní kí n tún un sọ. Ó wọ ṣòkòtò..." Ó jókòó sórí ìkòkò tòmátò. "Ó wọ ṣòkòtò pupa."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Síbẹ̀, bí ọ̀ràn náà ṣe rí wú mi lórí: olè gbọ́ ìtàn, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, irọ́ inú ìtàn náà ló sì mú un.

*

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kó tó di ọ̀sán, a padà sí àká náà. Edwina ti ka méjì nínú ìwé MG Clifford, ó sì ti yọ òòfà kan lára fíríìjì wa, èyí tó rí bí àgùntàn, tá a rà ní Tenby. Obìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì lásán bá wa wá, Rupert sì rò pé ọmọ wa ni. Sájẹ́ǹtì Harpreet Bains ni. Edwina ló kọ́ ọ níṣẹ́.

"Àgbàyanu!" ni Rupert ké. "Ẹ ti wá rà á?"

"A fẹ́ tún un wò díẹ̀," ni Edwina wí. Ó gbé àgùntàn náà lé bọ́dì mọ́tò, lábẹ́ gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà wà. Ó lẹ̀. Ó sún un díẹ̀, àgùntàn já bọ́. Ó gbé e sókè, ó tún sún un. Ó lẹ̀, ó já bọ́. Nígbà tó fi dé òpin, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àgùntàn ti ṣubú.

"Irin ni òòfà máa ń lẹ̀ mọ́," ó ní. "Kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan tí wọ́n fi ń dí ihò. Ihò wáípà mẹ́ta lẹ dí níbí, ọ̀gbẹ́ni, ẹ wá kùn ún. MG tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ wa lọ́dún yẹn, wáípà méjì ló ní. Gux ní méjì nínú àwòrán. Àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ló ní mẹ́ta. Mọ́tò yìí ò dé Barmouth rí. Apá òsì ni sítíárìn ẹ̀ wà kí ẹ tó gbé e sọ́tùn-ún."

Rupert pọ́n bíi ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹni tó tà á fún mi ló tàn mí jẹ, mà! Èmi náà ò mọ̀! Àmọ́ àpá iná ńkọ́? Ìyàwó tuntun jókòó lápá òsì, ọkọ ẹ̀ ń wa mọ́tò..."

"Ó dá yín lójú pé ọkọ ló ń wà á?"

"Ó dá mi lójú! Ta ló tún fẹ́ wà á?"

Edwina yíjú sí Clifford, ó dúró. Mo mọ̀ pé kò ní bá a sọ ọ́. Mo rí bí Clifford ṣe wo bàtà rẹ̀, tó wo Sájẹ́ǹtì tó ti mú bírò jáde. Ó fa ara rẹ̀ gùn títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi àjà.

"Ìyàwó mi ló wà á!" ó pariwo. "Èmi ò ní láísẹ́ǹsì! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò! Ìyàwó mi ló wà mí lọ, òun ló sì wà mí bọ̀, ó mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ!"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, sà?" Sájẹ́ǹtì Bains gbójú sókè. "Bọ́ọ̀sì yín ni mò ń wọ̀ lọ sílé ìwé o!"

"Kọ ọ́ sílẹ̀!" ni Clifford wí, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí àpá Gux fi wà lọ́tùn-ún. Ẹni tó gbọ́ irọ́ mi nínú àgọ́ ọtí nìkan ló lè jó òsì!"

"O ra bíà méjì fún un, Rupert," ni Edwina wí. Kò pè é ní ọ̀gbẹ́ni mọ́. "Irọ́ nìkan ni bíà méjì yẹn lè rà."

Sájẹ́ǹtì fi ara rẹ̀ hàn, ó sì sọ fún Rupert pé àwọn ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa gbogbo mọ́tò inú àká náà. Ọkùnrin yẹn tẹ̀ lé e jáde láìsọ "àgbàyanu" kankan.

Ìgbà tí wọ́n lọ ni ayọ̀ Clifford rọlẹ̀. Ó wo MG aláwọ̀ ewé náà. "Ọ̀túnla ni ọdún wa," ó ní. "Gux ò sí. Mi ò sì lè wa Triumph."

"Kí ló dé tí o ò lè wà á?"

"O rí mi ṣáà! Orúnkún mi ń kan sítíárìn."

"Apá òsì Triumph yẹn," Edwina bọ súìtì tuntun sẹ́nu, "ṣé sítíárìn wà níbẹ̀?"

Ni Clifford bá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ilẹ̀kùn àká mú kó má baà ṣubú. Kí aago kan tó lù, a ti dé Clun. Nesta gba owó rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Má gbàgbé 'jọ̀ọ́'."

*

Òòrùn yọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èyí tí a kì í fọkàn tán ní agbègbè wa. Spitfire yẹ́lò náà dúró níwájú ilé wọn, a ti ká òrùlé rẹ̀. Èmi àti Edwina wà létí ọgbà, Trevor náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò. Clifford fọwọ́ bo Maureen lójú, ó mú un jáde, ó sì ṣí ọwọ́ kúrò.

Clifford lọ sí ilẹ̀kùn ọ̀tún bó ti mọ́ ọn lára, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú, ó dúró. Ó yí iwájú mọ́tò ká lọ sí òsì, ó ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ wọlé, orí rẹ̀ yọ sókè ju gíláàsì lọ. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí Maureen.

"Ìwọ lo wà mí lọ," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dé etí gbogbo òpópónà. "Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń sọ ọ́ sódì. Má bínú, Maureen. Jọ̀ọ́, tún wà mí lọ."

Maureen wò ó. Ó wo kọ́kọ́rọ́. Ó yí padà, ó wọ inú ilé lọ, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

"Ó ti bínú," ni mo sọ fún Edwina.

"Dákẹ́, kí o máa wò."

A gbọ́ tí dúrọ́ọ̀ kan ṣí lókè, tí ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìgbà tí Maureen máa jáde, tìmùtìmù kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, aláwọ̀ pupa àti ewé, tó ti ṣá, tí wọ́n ti tún etí rẹ̀ rán. Ó gbé e sórí ìjókòó ọ̀tún, ó fọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó, ó fa ìjókòó náà síwájú títí ó fi bá a mu. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Trevor ń pàtẹ́wọ́, ó sì ń nu ojú rẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí, ẹ̀gbọ́n mi?" ó kígbe.

Maureen fọwọ́ pa sítíárìn lára. Ó wo ọ̀nà tó lọ sí òkun, ó wo ọkùnrin gígùn tó ká jọ sí òsì rẹ̀.

"Kò burú," ó ní.

Clifford bú sẹ́kún.